Èdè Yorùbá Nínú Ẹ̀rọ: Láti Ayé Òjé Dé Ayé Fóònù

Ẹ wo ìwé ìpè ìgbéyàwó, ìkéde òkú, pátákó ṣọ́ọ̀ṣì àti ti mọ́ṣáláṣí, ẹ sì wo ohun tí àwọn ẹbí ń kọ síra wọn lórí WhatsApp. Níbi tí Yorùbá bá ti wà, ó ṣọ̀wọ́n kí àmì pé sórí rẹ̀. Òmíràn kò ní rárá. Òmíràn ní i lórí ọ̀rọ̀ kan, ó fo èkejì. Àwọn olùkọ́ èdè a máa ní ọ̀lẹ ló fà á. Ẹ̀sùn náà kò tọ́ tán. Láti ìgbà tí a ti ń fi lẹ́tà Rómù kọ Yorùbá, ẹ̀rọ ìkọ̀wé kan tẹ̀ lé òmíràn wọ ilẹ̀ wa láìmú àmì wa dání, ẹni tó bá sì fẹ́ kọ èdè náà bó ṣe yẹ ní láti kọ́kọ́ bá ẹ̀rọ wọ̀yá ìjà. Ìjà yẹn ti parí, ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò tíì gbọ́. Fóònù tó wà lápò wọn àti kọ̀ǹpútà tó wà lọ́fíìsì wọn mọ Yorùbá kọ dáadáa. Wọn kò tíì ní kó kọ ọ́ ni.

Ayé òjé

Kí lẹ́tà Rómù tó gbilẹ̀, àwọn àáfáà ti ń fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ Yorùbá, èyí tí à ń pè ní àjàmí. Freetown, ní Sàró, ni ti Rómù ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, láàárín àwọn ọmọ Yorùbá tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ẹrú, tí wọ́n sì ń pè ní Akú níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Samuel Àjàyí Crowther, tí wọ́n kó lẹ́rú ní Òsogùn ní 1821. Ní 1843 ni ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde. Nígbà tó fi máa di 1884, odidi Bíbélì ti wà lédè Yorùbá.

Ohun tó dojú kọ Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni pé fáwẹ̀lì márùn-ún péré ni lẹ́tà Rómù ní, méje ni tiwa, ohùn mẹ́ta sì tún ń gun orí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọn kò dá lẹ́tà tuntun sílẹ̀. Àmì ni wọ́n fi sábẹ́ èyí tí wọ́n bá nílẹ̀, tí wọ́n sì fi àmì ohùn sókè. Carl Richard Lepsius, onímọ̀ èdè ará Jámánì, fọwọ́ sí irú ọ̀nà yìí nínú ètò alífábẹ́ẹ̀tì tó gbé jáde ní 1855 fún àwọn èdè tí kò tíì ní ìwé. Ní 1875, àwọn àgbà ìjọ CMS ṣe ìpàdé ní Èkó lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá, ohun tí wọ́n sì fohùn ṣọ̀kan lé lórí níbẹ̀ ni ìpìlẹ̀ ohun tí à ń kọ títí dòní.

Lórí ìwé, ìpinnu náà dára. Nílé ìtẹ̀wé, ó nira. Ní ayé ìgbà náà, òjé ni wọ́n fi ń rọ lẹ́tà, atẹ̀wé yóò máa ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan láti inú àpótí, yóò sì tò wọ́n sórí ìlà. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀: fáwẹ̀lì méje lọ́nà ohùn mẹ́ta jẹ́ 21, bí a bá fi lẹ́tà ńlá kún un, ó di 42. Fáwẹ̀lì Gẹ̀ẹ́sì, kékeré àti ńlá, kò ju 10 lọ. Atẹ̀wé Yorùbá nílò ihò púpọ̀ sí i nínú àpótí rẹ̀, òjé púpọ̀ sí i, àti owó tí yóò fi ra òjé náà láti òkè òkun. Àmì ohùn, ní tirẹ̀, ni ohun tó rọrùn jù láti yọ kúrò bí owó bá kù díẹ̀. Abẹ́ irú ipò yìí ni àwọn ìwé ìròyìn wa ti bẹ̀rẹ̀, láti orí Ìwé Ìròhìn tí míṣọ́nnárì Henry Townsend dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní December 1859, tó sì ń jáde títí di 1867 tí rògbòdìyàn lé àwọn òyìnbó kúrò nílùú náà.

Táípúráítà àti báírò

Ẹ̀rọ kejì tó kọ́ wa láti máa kọ Yorùbá láìlámì ni táípúráítà. Christopher Latham Sholes ló ṣe é ní Milwaukee, ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ Remington sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní 1874. Bí wọ́n ṣe to bọ́tìnnì rẹ̀ nígbà náà la ṣì ń bá pàdé lórí kíbọọ̀dù lónìí. Ẹ wò ó dáadáa: c, q, v, x àti z kò sí nínú alífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá. Bọ́tìnnì márùn-ún ló jókòó sí iwájú ẹni tó ń kọ Yorùbá láìṣe ohunkóhun, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ, ọ àti ṣ kò ní àyè kankan.

Àwọn táípíìsì wa dá ọgbọ́n sí i. Ọ̀kan ni kí wọ́n tẹ e, kí wọ́n padà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n yí rólà díẹ̀ kí ìwé gòkè, kí wọ́n sì tẹ àmì ìdánudúró sábẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá ṣe èyí fún gbogbo ẹ, ọ àti ṣ tó wà lójú ìwé kan, ilẹ̀ lè ṣú mọ́ wọn níbẹ̀. Ọgbọ́n tó wọ́pọ̀ jù ni kí wọ́n tẹ gbogbo rẹ̀ láìlámì, kí wọ́n yọ ìwé náà, kí wọ́n sì fi báírò sàmì sí i. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé kábọ́ọ̀nù wà lábẹ́, ẹ̀dà òkè nìkan ni báírò kàn. Àwọn ẹ̀dà tó kù yóò lọ sínú fáìlì láìlámì, àwọn yẹn ni ọmọ ẹ̀yìn yóò sì bá níbẹ̀.

Àsìkò táípúráítà yìí kan náà ni àwọn ọ̀mọ̀wé tún ìlànà ìkọ̀wé ṣe. Ayọ̀ Bámgbóṣé kọ ìwé lórí àkọtọ́ Yorùbá ní 1965, ìjọba sì fọwọ́ sí àkọtọ́ tuntun ní 1974. Bí “aiye” ṣe di “ayé” nìyẹn, tí “ẹiyẹ” sì di “ẹyẹ”. Ní ìhà kejì ẹnubodè, Benin gba ọ̀nà tirẹ̀: nínú alífábẹ́ẹ̀tì tí orílẹ̀-èdè náà fọwọ́ sí ní 1975, ɛ àti ɔ ni wọ́n ń kọ níbi tí a ti ń kọ ẹ àti ọ, sh ni wọ́n sì ń lò fún ṣ. Ẹni tó wà ní Kétu àti ẹni tó wà ní Ìmẹ̀kọ ń sọ èdè kan náà, ìkọ̀wé wọn ni kò rí bákan náà. Kò sẹ́ni tó mọ̀ nígbà náà pé ọjọ́ ń bọ̀ tí ẹ̀rọ kan yóò máa ka gbogbo rẹ̀ pọ̀, tí yóò sì gbà pé èdè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Kọ̀ǹpútà tí kò mọ̀ wá

Kọ̀ǹpútà kò mọ lẹ́tà. Nọ́ńbà ló mọ̀. Kí ó tó lè fi “a” hàn, ẹnì kan ní láti kọ́kọ́ sọ nọ́ńbà tó dúró fún “a”. Ní 1963, àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe àdéhùn kan lórí rẹ̀ tí wọ́n pè ní ASCII. Àyè 128 ló ní, 95 nínú rẹ̀ sì ni ohun tí a lè fojú rí lójú ìwé. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ní lọ́kàn. Kódà é tí àwọn Faransé ń lò kò ráyè wọ̀ ọ́.

Nígbà tó di 1987, àdéhùn mìíràn tí à ń pè ní Latin-1 sọ àyè náà di 256, torí àwọn èdè ìwọ̀ oòrùn Yúróòpù. À, á, è, é, ì, í, ò, ó, ù, ú, gbogbo wọn wọlé. Ẹ, ọ àti ṣ kò sí níbẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí èyí dun èèyàn ni pé ó kù díẹ̀ kó bọ́ sí i: Yorùbá rí ìdajì ohun tó nílò gbà láìbẹ ẹnikẹ́ni, ìdajì tó kù kò sì sí lọ́jà.

Àwọn tó ń tẹ ìwé Yorùbá ní àwọn ọdún 1990 wá ṣe ohun tí ẹni tí wọ́n bá tì síta máa ń ṣe: wọ́n gba ojú fèrèsé. Wọn a mú fọ́ǹtì kan, wọn a pa àwòrán lẹ́tà tí Yorùbá kì í lò rẹ́, wọn a sì ya ẹ tàbí ọ sí àyè rẹ̀. Ojú rí Yorùbá, ẹ̀rọ rí ohun mìíràn. Bí fáìlì náà bá ti dé orí kọ̀ǹpútà tí kò ní fọ́ǹtì ọ̀hún, gbogbo ẹ yóò di àmì owó tàbí ìlà tó dábùú. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ lásìkò yẹn ṣì wà nínú dísíkì báyìí tí kò sẹ́ni tó lè kà á mọ́.

Unicode ló tú ìdè náà. Joe Becker, tó ń ṣiṣẹ́ ní Xerox, kọ àbá rẹ̀ sílẹ̀ ní 1988, òun pẹ̀lú Lee Collins àti Mark Davis tí wọ́n wà ní Apple ló sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Ní 1991 ni ẹ̀dà àkọ́kọ́ jáde. Èrò wọn ni pé kí gbogbo lẹ́tà tí ọmọ ènìyàn ń kọ ní nọ́ńbà tirẹ̀, nọ́ńbà kan ṣoṣo, níbi gbogbo láyé. Lónìí, ohun tó wà nínú rẹ̀ ti kọjá 150,000.

Ibi tí ẹ àti ọ ti rí àyè níbẹ̀ yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Àwọn ará Vietnam náà ń kọ ẹ àti ọ, torí àmì abẹ́ lẹ́tà jẹ́ ọ̀kan nínú àmì ohùn tiwọn. Àyè tiwọn la bá wọn pín. Ṣ wà níbẹ̀ torí àwọn ọ̀mọ̀wé tó ń fi lẹ́tà Rómù kọ èdè Lárúbáwá àti Sanskrit. Àmọ́ ẹ́ àti ọ̀, tó jẹ́ tiwa gan-an, kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Àwọn aláṣẹ Unicode ti pinnu pé ohun tí a bá ti lè tò jọ kò tún nílò nọ́ńbà tuntun. Nítorí náà, ẹ́ jẹ́ nọ́ńbà méjì tó tẹ̀ léra: ti ẹ, lẹ́yìn náà ti àmì òkè. Ibẹ̀ ni ìṣòro fọ́ǹtì ti wọlé. Fọ́ǹtì tí wọn kò ṣe dáadáa yóò gbé àmì náà sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà dípò orí rẹ̀.

Ọdún 2001 àti ojú ewé àtẹ̀jíṣẹ́

Bí Unicode ti wà nílẹ̀ tó, ẹ̀rọ tó dé ọwọ́ mẹ̀kúnnù kò lò ó. Ní 2001 ni GSM wọ Nàìjíríà, àtẹ̀jíṣẹ́ sì di ìwé tí gbogbo ayé ń kọ. Ojú ewé àtẹ̀jíṣẹ́ kan gba lẹ́tà 160, bí gbogbo lẹ́tà inú rẹ̀ bá wà nínú àkójọ kékeré tí àwọn ará Yúróòpù tó dá GSM sílẹ̀ ṣe. À, è, é, ì, ò àti ù wà nínú àkójọ náà. Á, í, ó àti ú kò sí níbẹ̀, ká má tíì wá sọ ti ẹ àti ọ. Bí ẹyọ lẹ́tà kan ṣoṣo tó wà níta àkójọ bá bọ́ sínú ọ̀rọ̀ yín, gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ náà yóò yí padà sí ọ̀nà mìíràn tó jẹ́ pé lẹ́tà 70 péré ló ń gbà lójú ewé kan. Bó bá sì ju ojú ewé kan lọ, ó di 67 lójú ewé kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹnì kan fẹ́ kí ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú ewu ọmọ, ó sì kọ lẹ́tà 150. Láìlámì, ojú ewé kan ni. Bó bá fi ẹ kan ṣoṣo sínú rẹ̀, ó di ojú ewé mẹ́ta, ìlọ́po mẹ́ta owó ni yóò sì san. Ẹni tó bá rí owó káàdì rẹ̀ tó ń yọ́ bẹ́ẹ̀ kò ní pẹ́ gbàgbé àmì. Odidi ìran kan kọ́ bí a ṣe ń kọ Yorùbá lórí fóònù lábẹ́ òfin yìí, wọ́n sì gbé àṣà náà lọ sórí Facebook àti WhatsApp, níbi tí àmì kò ti ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Nígbà tí WhatsApp mú ohùn tí a lè gbà sílẹ̀ jáde ní 2013, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà kúkú pa ìkọ̀wé tì, wọ́n tẹ bọ́tìnnì, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀. Ó bójú mu, ṣùgbọ́n ẹ kò lè wá orúkọ kan rí nínú ohùn tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn bí ẹ ṣe lè wá a nínú ohun tó kọ sílẹ̀.

Ohun tó ti wà lọ́wọ́ wa

A kì í gbé ẹ̀bá odò ká tún máa fi itọ́ fọ ọwọ́. Lórí fóònù Android tó bá ń lo Gboard, ẹ wọ inú ètò kíbọọ̀dù náà, ẹ lọ síbi èdè, ẹ fi Yorùbá kún un. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Láti ìgbà náà, bí ẹ bá tẹ e mọ́lẹ̀ díẹ̀, àwọn ẹbí rẹ̀ yóò yọjú, ẹ ó sì mú èyí tí ẹ fẹ́. Gẹ̀ẹ́sì ṣì wà níbẹ̀. Ẹ lè máa yí láti ọ̀kan sí èkejì.

Lórí kọ̀ǹpútà, Windows ní kíbọọ̀dù Yorùbá nínú ètò èdè rẹ̀, Keyman tí ẹgbẹ́ SIL ń pín lọ́fẹ̀ẹ́ náà sì ní i. Ẹni tó ń lo Mac lè yan kíbọọ̀dù ABC Extended: kó tẹ Option àti x pọ̀, kó wá tẹ e, ẹ ni yóò rí. Ní ti Microsoft Word, ọ̀nà kan wà tí kò nílò kíbọọ̀dù mìíràn rárá. Ẹ tẹ 1EB9, kí ẹ sì tẹ Alt àti X pọ̀, nọ́ńbà náà yóò di ẹ lójú yín. Ti ọ ni 1ECD, ti ṣ ni 1E63. Ẹni tí kò bá fẹ́ há nọ́ńbà sórí lè lọ sí Insert, kó yan Symbol, kó wá ẹ níbẹ̀, kó sì tẹ Shortcut Key láti fi Alt àti e ṣe bọ́tìnnì rẹ̀. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹ, ọ, ṣ, àmì òkè àti àmì ìsàlẹ̀, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó bọ́ lọ́wọ́ wàhálà lórí kọ̀ǹpútà yẹn. AutoCorrect, tó ti wà nínú Word láti 1993, lè bá a ṣe èyí tó kù: ẹ ní kó máa sọ “Yoruba” di “Yorùbá”, kó sì máa fi àmì sórí orúkọ ìlú yín àti orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yín fúnra rẹ̀. Orúkọ àti ọ̀rọ̀ tí kò ní ìtumọ̀ méjì ni ẹ fi síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó bá ní ju ọ̀nà kan lọ, ẹ jẹ́ kí ojú yín ṣe é.

Fọ́ǹtì náà ṣe pàtàkì. Noto tí Google ń pín, Charis SIL àti Andika gbé àmì sí ibi tó yẹ, ọ̀fẹ́ sì ni gbogbo wọn. Akọ̀wé ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ tẹ ìwé ìrántí kó yan ọ̀kan nínú wọn kó tó bẹ̀rẹ̀, kó má ṣe dúró dìgbà tí atẹ̀wé bá ní àmì ti ṣí kúrò lórí ọ̀rọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le díẹ̀ ni wíwá nǹkan. Àwọn kan ń fi àmì kóńkó sábẹ́ e, àwọn kan ń fi ìlà kékeré tó dúró sí i. Lójú èèyàn, ọ̀kan náà ni. Lójú ẹ̀rọ, nọ́ńbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ká ní akọ̀wé àkọ́kọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan fi ìlà kọ orúkọ Fẹ́mi nínú Excel, tí ẹni tó gba ipò rẹ̀ sì ń fi àmì kóńkó kọ ọ́. Bí wọ́n bá pa àkọsílẹ̀ méjèèjì pọ̀, èèyàn méjì ni Excel yóò rí, owó Fẹ́mi yóò sì pín sí ọ̀nà méjì. Oògùn rẹ̀ ni kí ẹgbẹ́ fẹnu kò sórí ọ̀kan, kí wọ́n sì lo Find and Replace láti yí gbogbo èyí tó wà nílẹ̀ padà lẹ́ẹ̀kan náà. Àmì kóńkó ni mo fara mọ́, torí òun ló ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú Unicode, òun sì ni kíbọọ̀dù fóònù ń kọ.

Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìtàn tí a ti ń bá bọ̀ yìí di irinṣẹ́. Ẹni tó ń wá nǹkan nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ ṣáájú 1974 kó má ṣe tẹ “ayé” nìkan; kó tẹ “aiye” pẹ̀lú. Ẹni tó ń wá iṣẹ́ àwọn ará Benin kó dán ɛ àti ɔ wò. Ẹni tó ń wá ìtàn Ọ̀ṣun lókè òkun kó tẹ Oxum fún Brazil, kó tẹ Ochún fún Cuba. Xangô àti Changó ni ti Ṣàngó. Bí ẹ bá kọ site:bbc.com/yoruba sínú Google, kí ẹ fi àlàfo kan sí i, kí ẹ wá kọ ọ̀rọ̀ tí ẹ ń wá, ohun tó wà lórí BBC Yorùbá, tó bẹ̀rẹ̀ ní February 2018, nìkan ni yóò kó wá. Ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú yo.wikipedia.org, níbi tí àròkọ Yorùbá ti ju 30,000 lọ.

Ẹ̀rọ tó ń kọ́ èdè lọ́wọ́ wa

Ìpele tó kàn ti bẹ̀rẹ̀. Ní December 2013, Google Translate fi Yorùbá kún èdè tó ń túmọ̀. Ní Ìbàdàn, Túndé Adégbọlá àti àjọ Alt-I ti ń ṣiṣẹ́ lórí bí ẹ̀rọ ṣe lè gbọ́ èdè wa kó sì kọ ọ́. Kọ́lá Túbọ̀sún dá YorubaName sílẹ̀, níbi tí èèyàn ti lè wá orúkọ kó sì rí bí a ṣe ń kọ ọ́ pẹ̀lú àmì. Ní 2018, Iroro Orife gbé iṣẹ́ kan jáde lórí bí ẹ̀rọ ṣe lè fi àmì padà sórí Yorùbá tí wọ́n kọ láìlámì, àwọn olùwádìí ẹgbẹ́ Masakhane sì ń kó ọ̀rọ̀ èdè Áfíríkà jọ kí ẹ̀rọ lè rí nǹkan kọ́.

Ẹ̀rọ ìgbà yìí kì í ka gírámà kó tó mọ èdè. Ohun tí àwa fúnra wa bá kọ ló ń kà, ohun tó bá sì pọ̀ jù níbẹ̀ ni yóò gbà pé ó tọ̀nà. Yorùbá tó bá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí kò lámì ló pọ̀ nínú rẹ̀, nítorí òjé tó wọ́n, nítorí táípúráítà, nítorí àtẹ̀jíṣẹ́ ojú ewé mẹ́ta. Ó wá ku pé kí olùwádìí kan ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣe ẹ̀rọ tí yóò tún méfò ohun tí ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ náà mọ̀ dájú nígbà tó ń kọ ọ́.

Àwọn aráyé ìjọ́un kò lè kọ ọ́ nítorí pé ẹ̀rọ wọn kò gbà. A kò ní àwáwí yẹn mọ́. Akọ̀wé ìjọ tó ń tẹ ìwé ìtọ́ni ọjọ́ Ìsinmi, olùkọ́ tó ń ṣètò ìbéèrè ìdánwò, oníròyìn, ọmọ business centre tó ń ṣe káàdì ìgbéyàwó: iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lójoojúmọ́ ni ilé ẹ̀kọ́ tí ẹ̀rọ ọ̀la ń lọ. Bí wọ́n bá fi ìṣẹ́jú kan ṣí kíbọọ̀dù Yorùbá lónìí, tí wọ́n sì fara dà á fún ọ̀sẹ̀ kan títí tí ọwọ́ wọn yóò fi mọ́ ọn, ohun tí wọ́n bá kọ lẹ́yìn ìgbà náà yóò wúlò fún ẹni tó ń kà á, fún ẹni tó ń wá a, àti fún ẹ̀rọ tí yóò fi í kọ́ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀.